Ọjọ́ Tí Àwọn Ọmọ Mi Kọ́kọ́ Rí Àjàṣẹ́

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí bóyá òtútù ni ó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú òyìnbó. Rárá o. Okùn ni.

N kò tíì pẹ́ ní Lyon nígbà náà. Mo ń lọ létí odò, mo wá rí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kan tí wọ́n wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, gbogbo wọn di okùn gígùn kan mú. Kókó wà lára okùn náà, ọwọ́ kékeré kan sì wà lórí kókó kọ̀ọ̀kan. Obìnrin òyìnbó kan ń fà á lọ níwájú, òmíràn ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Àyà mi já. Lọ́dọ̀ wa, ewúrẹ́ tí à ń kó lọ sọ́jà Sakété ni à ń so pọ̀ báyẹn. Mo ń bi ara mi pé ọmọ ta rèé, ibo ni wọ́n ń kó wọn lọ? Kò sí ẹni tí mo lè bi, nítorí Faransé ẹnu mi nígbà náà kò ju ti ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì lọ. Mo tẹ̀ lé wọn lókèèrè, mo ń fara pamọ́ sẹ́yìn igi, títí wọ́n fi wọ inú ọgbà kan, tí wọ́n jókòó sórí koríko, tí wọ́n ń jẹ bísíkíìtì. Ìgbà yẹn ni mo tó mí.

Lónìí, èmi gan-an ni obìnrin ẹ̀yìn okùn. Mo ń ṣiṣẹ́ ní kírẹ́ṣì, ibi tí àwọn ìyá ń fi ọmọ wọn sí tí wọ́n bá lọ síbi iṣẹ́. Ilẹ̀ ni mo ń nù níbẹ̀, ife ni mo ń fọ̀, ìdí ọmọ ni mo ń nù. Ṣùgbọ́n tí a bá ń kó àwọn ọmọ jáde lọ wo ìlú, ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màdáàmù, á ní kí n bọ́ sẹ́yìn. Ó sọ pé ojú mi kì í sinmi. Kò bi mí ìdí rẹ̀, èmi náà kò sì sọ fún un.

Iná ni ìdí rẹ̀. Mo wà lórí zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò wa, lọ́nà Sakété sí Pobè, nígbà tí òmíràn tó di bídọ̀n ẹ̀sáǹsì kún ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́ yà wá sílẹ̀, ó kọ lù wá, iná sì sọ. Ẹ̀sáǹsì yẹn ni ẹ̀yin ará òdìkejì ẹnubodè ń pè ní pẹtiróòlù, bídọ̀n sì ni kẹ́ẹ̀gì tí à ń rọ ọ́ sí. N kò fẹ́ sọ ọ́ pẹ́ títí. Ẹni tó gbé mi kò dìde mọ́. Èmi dìde. Awọ apá òsì mi àti ti ọrùn mi rí bí òrí tó yọ́ tó sì tún dì. Láti ìgbà náà, gbogbo oríta Pobè tí wọ́n ti ń ta ẹ̀sáǹsì nínú ìgò ń lé mi padà sílé. Àwọn ará Igana, níbi tí wọ́n ti bí mi, rò pé òṣì ló lé mi dé ìlú òyìnbó. N kò já wọn nírọ́. Ó rọrùn láti sọ fún ènìyàn pé ebi ń pa ọ́ ju kí o sọ pé o ń bẹ̀rù títì lọ.

Mo fi ọmọ méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn. Ìyábọ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, Àkàndé ń rá. Mo ní mo ń bọ̀ wá kó wọn. Ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde títí di òní, ẹni tí kò ní ìwé kò lè lọ kí ó tún wọlé padà.

Bàbá wọn fẹ́ ìyàwó. Mo gbọ́ ọ lórí fóònù bí ẹni gbọ́ pé òjò rọ̀. Ó ní ilé kò lè wà láìsí ọwọ́ obìnrin. Orúkọ obìnrin náà ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ àgbẹ̀ kan ní Towé, kò tó ọdún mélòó kan tó fi ju ọmọge lọ. N kò bá a jà. Ìyáálé tó wà lẹ́yìn òkun, kí ni yóò fi jà?

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń ṣe é. Ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé ọkọ, ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, ìbáà ṣe pé ó ṣì ń mu ọmú. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ó ní láti wá orúkọ mìíràn tó dùn fún un, kí ó máa fi pè é. Èmi náà ṣe é nígbà tí mo wọlé, mo ń pe àbúrò ọkọ mi tí kò tíì wọ ṣòkòtò ní Olówó-orí-mi. Nítorí náà n kò rí nǹkan kan wí nígbà tí mo gbọ́ pé Àbẹ̀kẹ́ ti sọ àwọn ọmọ mi lórúkọ. Ìgbà tí mo wá gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà.

"Àlóò, ta nìyẹn?" ni mo wí.

"Èmi ni."

"Ìwọ ta?"

"Eyínfúnjowó!" Ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n bu ẹran fún.

"Ìyábọ̀ ńkọ́?"

"Ti iléèwé nìyẹn," ló wí.

Àbúrò rẹ̀ já fóònù gbà. "Èmi ni Dúdúyẹmí! Ìyàwó ní kò sí ẹni tó dúdú dáadáa tó mi ní Pobè!"

Mo sọ ọ́ ní Ìyábọ̀ nítorí ìyá mi tó kú kí n tó bí i. Ọmọ náà gbé ìyá mi padà wá fún mi. Àbẹ̀kẹ́ wá fi eyín sọ ọ́ lórúkọ, eyín tí èmi kò sí níbẹ̀ nígbà tí ó hù tán. N kò mọ èwo ló yọ kẹ́yìn. N kò mọ ẹni tó fi ìka wá a wò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ń fọ eyín àwọn ọmọ òyìnbó ní kírẹ́ṣì, mo máa ń kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Owú tí mo ń jẹ kì í ṣe nítorí ọkọ. Àbẹ̀kẹ́ lè mú ọkọ. Eyín ọmọ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn.

*

Nígbà tí àwọn iléèwé gba ìsinmi, bàbá wọn pè mí.

"Ìyá Ìyábọ̀, Ìyàwó fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ wo Àjàṣẹ́. Wọn á lọ láàárọ̀, wọn á dé kí ilẹ̀ tó ṣú."

Àjàṣẹ́ náà ni wọ́n ń kọ ní Porto-Novo sínú ìwé. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti lè gbọ́rọ̀ ni mo ti ń ṣèlérí rẹ̀ fún wọn: bí mo bá dé, èmi ni n ó mú yín lọ wo ìlú ńlá, n ó fi ọ̀sà hàn yín.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà yẹn kò dára," ni mo wí. "Ẹ̀yin mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè máa gbé Pobè títí ayé nítorí pé ìyá rẹ̀ fara jóná."

Òtítọ́ ni ẹ̀rù ń bà mí, mo bura. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo fẹ́ mú wọn lọ, ṣé ọ̀nà náà ì bá burú tó bẹ́ẹ̀? Mo ní kí ó fún Àbẹ̀kẹ́ ní fóònù.

"Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òtútù."

"O ṣé. Ibo lo fẹ́ kó wọn lọ ní Àjàṣẹ́?"

Ohùn rẹ̀ ta kìjí. "A ó wo mọ́ṣáláṣí aláràbarà yẹn, tó dà bí ṣọ́ọ̀ṣì. A ó wo ààfin àtijọ́. A ó lọ sọ́jà ńlá. A ó wo ọgbà igi, a ó wo ọ̀sà, a ó gun afárá, tí a bá ń padà bọ̀ a ó yà kí àbúrò bàbá mi ní Sakété—"

"Àbẹ̀kẹ́, ọmọ lo fẹ́ kó lọ àbí sójà?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹnu yín ni ẹnu, Ìyá mi. Ẹ sọ bí a ó ṣe ṣe é, bẹ́ẹ̀ la ó ṣe é."

Bó bá bú mi ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn. Ènìyàn kò mọ ibi tí yóò ti gbá ẹni tó ń tẹrí ba fún un mú.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn náà nìyẹn. Nínú tíráàmù, ọkọ̀ ojú irin àárín ìlú, ni mo ń rò ó, nídìí ife tí mo ń fọ̀ ni mo ń rò ó. Mo kọ́ ọ lọ́wọ́ Màdáàmù pé ọmọ tí kò tíì tó iléèwé gidi kò lè rí ju ohun méjì lọ lóòjọ́, ìyókù á dà pọ̀ mọ́ ẹkún. Mo yọ mọ́ṣáláṣí kúrò, mo yọ ààfin kúrò, mo yọ ọjà kúrò. Ọgbà igi láàárọ̀, nígbà tí ara wọn ṣì yá. Kí wọ́n jẹun kí ebi tó pa wọ́n. Kí wọ́n sùn díẹ̀ lábẹ́ igi. Ọ̀sà lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa wò ó láti òkè. Kí wọ́n má gun zẹ́mìjàn. Kí wọ́n wọ takísí, kí Àbẹ̀kẹ́ sì ní kí awakọ̀ ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ó wò bóyá bídọ̀n wà níbẹ̀.

"Bí ó bá bínú ńkọ́, Ìyá mi?"

"Kí ó bínú."

Mo ní kí ó wá okùn, kí ó ta kókó sí i. Mo ní kí ó wá ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè fún wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe. Ó dùn mọ́ mi nínú, ẹ má jẹ́ kí n purọ́. Mo ti mọ ohun tí mo ń ṣe. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo to gbogbo rẹ̀, a jẹ́ pé èmi ni mo mú wọn lọ. Àbẹ̀kẹ́ á kàn jẹ́ ẹsẹ̀ mi lásán.

Ó ku ohun kan tó ń jẹ mí nínú. Ní ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn náà, mo ní kí wọ́n fi ohùn fóònù síta kí gbogbo wọn lè gbọ́ mi.

"Ìyábọ̀, Àkàndé, ẹ gbọ́. Ní ìlú ńlá, orúkọ tí mo sọ yín nìkan ni kí ẹ máa jẹ́. Bí wọ́n bá pè yín ní òmíràn, ẹ má dáhùn. Àwọn gbọ́mọgbọ́mọ lè gbọ́ ìnagijẹ yín kí wọ́n fi tàn yín lọ."

"Bí ó bá jẹ́ Ìyàwó ló pè wá ńkọ́?" ni Ìyábọ̀ béèrè.

"Bí ó tilẹ̀ jẹ́ Ìyàwó."

Àbẹ̀kẹ́ wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ìyá mi, ẹ mọ̀ pé n kò lè pe orúkọ wọn."

"Mo mọ̀. Di okùn mú dáadáa, o kò ní í nílò àti pè wọ́n."

*

Láti Sakété ni wọ́n ti fi àwòrán àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Wọ́n dúró láàárín àpò gàrì, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísè, wọ́n di okùn mú bí mo ti wí. Ẹ̀wù wọn tóbi jù wọ́n lọ. Mo fi han àwọn obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́. "Àwọn ọmọ mi nìyẹn, wọ́n ń lọ wo ìlú," ni mo wí, bí ẹni pé èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrì náà. Nínú àwòrán kejì wọ́n ti wà nínú ọkọ̀, Àkàndé ti sùn, orí rẹ̀ wà lórí itan Àbẹ̀kẹ́. N kò fi ìyẹn han ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọmọ kírẹ́ṣì ń sun oorun ọ̀sán, mo wà nínú yàrá ìdáná, nígbà tí fóònù dún.

"Ìyá mi! Ìyá mi o!"

Àbẹ̀kẹ́ ni.

"Mo kàn yíjú láti ra omi ni! Mo so okùn mọ́ ìjókòó, mo ní kí wọ́n dúró. Okùn kò sí níbẹ̀, àwọn náà kò sí níbẹ̀!"

"Ọgbà igi lẹ wà?"

"Ọgbà igi ni."

"Pè wọ́n! Kí lo ń wò? Pè wọ́n!"

"Mo ti ń pè wọ́n láti àárọ̀! Ohùn mi ti há. Wọn kò dáhùn." Ó bú sẹ́kún. "Ìyá mi, ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n má dáhùn."

Mo di etí ibi ìfọwọ́ mú. Mo rí títì tó wà lẹ́yìn ọgbà yẹn, mo rí zẹ́mìjàn, mo rí bídọ̀n. Mo rí omi ọ̀sà. N kò tíì dé ọgbà náà rí láyé mi, ṣùgbọ́n mo rí gbogbo rẹ̀.

Mo gbọ́ ohùn ọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Màdáàmù, kí lorúkọ àwọn ọmọ náà? Ẹ sọ ọ́, ká bá yín pè wọ́n."

"N kò lè pè é," ni Àbẹ̀kẹ́ wí.

"Ẹ kò lè pe orúkọ ọmọ yín?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín kẹ̀? Ẹ ní ọmọdé ló sọnù!"

Obìnrin àgbàlagbà kan dá sí i. "Ìwọ ọkùnrin yìí, dákẹ́. Ó bá wọn nílé ni. Ṣé ilé yín kò fẹ́ ìyàwó rí ni?"

"Àbẹ̀kẹ́!" ni mo kígbe. "Fi ohùn fóònù síta. Fún ọkùnrin yẹn kí ó gbé e sókè, kí ó máa rìn."

Mo wá fi gbogbo agbára mi pè. "Ìyábọ̀ o! Àkàndé o! Ìyábọ̀ o!"

Nínú kírẹ́ṣì, ọmọ kan jí, òmíràn gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilé di ẹkún. Màdáàmù sáré wọlé, ó rí ojú mi, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. N kò dákẹ́. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi tó ń jáde láàárín igi ní Àjàṣẹ́, ó ń há bí ohùn ẹni tó wà nínú àgbá. Ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ewé gbígbẹ ń ró lábẹ́ bàtà rẹ̀.

"Àkàndé o! Èmi ni o!"

Ohùn tín-ín-rín kan dáhùn. "Ìwọ ta?"

"Màmá ni!"

"Màmá inú fóònù?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín ìtura. Èmi kò rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni," ni mo wí. "Màmá inú fóònù ni. Ibo lẹ wà?"

"A wà nínú igi," ni Ìyábọ̀ wí. Ọkùnrin náà ṣí kámẹ́rà, ó yí fóònù sí wọn, mo sì rí wọn. Gbòǹgbò igi ńlá kan yọ sókè bí ògiri, wọ́n jókòó sáàárín rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀wù ìyeyè wọn, wọ́n di okùn mú.

"Ẹ kò gbọ́ nígbà tí Ìyàwó ń pè yín?"

"A gbọ́. A ń wò ó. Ó ń sunkún," ni Ìyábọ̀ wí. "Àkàndé fẹ́ dáhùn, mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Ẹ ní ká má dáhùn."

"Ó ti tó. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a."

Wọn kò dìde. Àbẹ̀kẹ́ ti rí wọn lókèèrè, ó ń sáré bọ̀, ó ń pè wọ́n ní orúkọ tó sọ wọ́n, pẹ̀lú ohùn tó ti há. Àkàndé wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo inú fóònù.

"Ìyẹn kọ́ ni orúkọ tí ẹ ní ká jẹ́," ló wí.

Ọmọ mi ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ohun tí mo ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn, pé kí n sọ̀rọ̀ níhìn-ín kí ọmọ mi gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ó gbọ́ ọ. Ó jókòó sínú gbòǹgbò igi, ó ń wo ẹni tó ń tọ́ ọ, ó ń sunkún láìjẹ́ kí ẹkún náà dún.

"Eyínfúnjowó," ni mo wí. Ó gbóná lẹ́nu mi bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. "Dúdúyẹmí. Ẹ dìde. Ẹ lọ bá Ìyàwó yín."

Wọ́n sáré. Mo rí ẹ̀yìn wọn. Okùn ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kí Àbẹ̀kẹ́. "Ẹ kú ewu o, ìyá ọmọ! Ọlọ́run ṣeun, ìyá ọmọ!" Ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìkíni yẹn ń gún mi bí abẹ́rẹ́. Àbẹ̀kẹ́ wá fi ohùn há-há yẹn wí pé, "Èmi kọ́. Ìyá wọn ló wà nínú fóònù yẹn."

Àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí wá ń bẹ orí wọ inú fóònù mi, ojú kan tẹ̀ lé òmíràn. "Ìyá wọn, ẹ kú ewu o!" "Ẹ kú àárò ilé o!" Obìnrin àgbàlagbà yẹn sún ojú kan ṣoṣo mọ́ fóònù, ó wò mí. "Ìyàwó yín dára," ló wí. "Ẹ má ṣe é léṣe." N kò mọ ẹni tó sọ fún un pé mo ń jowú.

Àbẹ̀kẹ́ gba fóònù. Ó ń pọn Àkàndé. Ó lè bú mi níbẹ̀, n kò ní í lẹ́nu láti fi dá a lóhùn.

"Ìyá mi, ṣé ká máa bọ̀ wálé?"

Bẹ́ẹ̀ ni ló wà lẹ́nu mi. Kí wọ́n máa bọ̀ wálé. Kí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kí wọ́n dúró dè mí.

"Wọ́n ti jẹun?" ni mo bi í.

"Wọn kò tíì jẹun."

"Fún wọn lóúnjẹ. Kí o sì kó wọn lọ síbi tí o bá fẹ́. Máa pè wọ́n bí o ti ń pè wọ́n."

Ó kí mi, ó dúpẹ́, ó sì ti fóònù bọ inú ìró rẹ̀. Kò rántí pa á. Màdáàmù gbé ọmọ tó ń ké kúrò nílẹ̀, ó fọwọ́ sí mi pé kí n jókòó. Mo jókòó sórí àga ọmọdé, orókùn mi kan àgbọ̀n mi, mo fi fóònù mọ́ etí.

Mo gbọ́ aṣọ tó ń ha ara. Mo gbọ́ ìwo ọkọ̀, mo gbọ́ obìnrin tó ń polówó ọjà lédè Ègùn. Àbẹ̀kẹ́ ní wọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí aláràbarà tí mo yọ kúrò. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọjà, tí èmi náà yọ kúrò. N kò sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ó máa rántí pa á.

Nígbà tó yá, ariwo lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ sínú fóònù. Ó ní láti jẹ́ ọ̀sà.

"Eyínfúnjowó! Dúdúyẹmí! Ẹ wò ó! Ẹ wo ìyẹn lọ́hùn-ún!"

"Èwo?" ni Ìyábọ̀ wí.

Èmi náà fẹ́ mọ èwo. Mo tẹ fóònù mọ́ etí títí ó fi ń dùn mí.

"Háà!" ni àwọn ọmọ mi kígbe, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú Àbẹ̀kẹ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, kò sì sí ẹnì kan nínú wọn tó dárúkọ ohun tí wọ́n rí.